Èémí Tó Tẹ̀lé Fọ́tò Àkọ́kọ́

Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà dúró níwájú ìyá àgbà kan ní Ìjùmú tàbí ní Bùnú, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ̀rín kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ìyá á ní kí ẹ ní sùúrù. Wọ́n á wọlé lọ. Ẹ ó gbọ́ tí ìdérí àpótí ń dún, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń ké pe ọmọ-ọmọ wọn kan pé kó wá bá àwọn wá gèlè. Nígbà tí wọ́n bá jáde, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lára wọn. Wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á na ẹ̀yìn ró ṣánṣán, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, wọ́n á sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà láìṣẹ́jú.

Inú ọ̀pọ̀ onífọ́tò kì í dùn sí ìpààrọ̀ aṣọ yìí. Ìyá tó ró ìró àtijọ́ mọ́yà, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi, ni onífọ́tò rí láti ọ̀ọ́kán, òun ló sì fẹ́ gbé lọ. Àṣìṣe ńlá ni, lójú tèmi. Fọ́tò tí wọ́n jókòó fún yẹn, tiwọn ni. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọmọ-ọmọ máa rí àwọn lára ògiri pálọ̀ nìyẹn. Ẹ yà á tọkàntọkàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí kámẹ́rà bá àyà wọn dọ́gba, ẹ má dúró máa wò wọ́n láti òkè. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ àga hàn, kí àyè díẹ̀ sì wà lókè gèlè. Ẹni tí ẹ bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò ìjókòó máa rí i, yóò sì béèrè ìdí.

Nígbà tí kámẹ́rà bá ti dún, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Ìyá á mí kanlẹ̀. Èjìká á rọ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn yín á sọ pé, “Ìyá, ẹ ti di ọmọge,” wọ́n á yíjú sí i, ẹ̀rín á bọ́ lójijì, ọwọ́ á gbéra lórí orúnkún lọ sí ẹ̀gbẹ́ gèlè. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ti tẹrí ba láti wo ojú kámẹ́rà bóyá ti àkọ́kọ́ dára, ó ti pàdánù èkejì. Nítorí náà, kí ẹ tó jókòó ti ìyá ni kí ẹ ti gbé kámẹ́rà sí ibi tó ti máa ń yà léraléra bí ìka bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì, kí ẹ sì ti yan ìmọ́lẹ̀ tán. Ayọ̀ tí mo mọ̀ nínú yíya fọ́tò ìrìn-àjò, inú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn ló wà, àti nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ìkíni ló ń gbé yín débẹ̀. Nílẹ̀ Okun, orúkọ àwọn èèyàn gan-an, inú ìkíni ló ti jáde: “Okun o” ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, òun náà ni wọ́n fi ń bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́. Ẹ fi sínú báàgì, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gba omi tí wọ́n bá gbé wá, ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá àti ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Ogún ìṣẹ́jú yìí kò ṣòfò rárá. Bí ẹnu yín ti ń sọ̀rọ̀, ojú yín ń ṣiṣẹ́: ẹ̀gbẹ́ wo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ló wà lẹ́yìn orí ìyá? Òpó iná tó bá dúró lẹ́yìn ẹni á dà bí ìwo lórí rẹ̀ nínú fọ́tò. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo àti jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Sísún sọ́tùn-ún ní ìṣísẹ̀ méjì sàn ju kí ẹ máa kó ẹrù onílé kiri lọ.

Ọ̀rọ̀ oòrùn wa yàtọ̀ sí ohun tí ẹ máa ń kà nínú ìwé àwọn Òyìnbó. Lọ́dọ̀ wọn, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó rọ̀ lè dúró títí ká fi jẹun tán. Ní Kábà, oòrùn máa ń gòkè tààrà ni. Ní oṣù December, nǹkan bí aago 6:40 ló ń yọ, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:20 ìrọ̀lẹ́. Ní June, bí aago 6:20 ló ń yọ, tó sì ń wọ̀ kí aago méje tó lù díẹ̀. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú tó bá yọ, ó ti ga tó ìwọ̀n tí òjìji á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹni tó bá kúrò nílé nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ìparí ló bá. Aago mọ́kànlá sí mẹ́ta sì ni àkókò tó burú jù fún ojú èèyàn, torí orí gan-an ni oòrùn wà: abẹ́ fìlà á ṣókùnkùn, ojú á di ihò méjì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa wa ń ràn wá lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá dúró ní ẹnu ìloro, tí òrùlé bo orí rẹ̀, tí oòrùn sì ń lù ilẹ̀ àgbàlá níwájú rẹ̀, ilẹ̀ náà á da ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú láti ìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó gbóná, tó rọ̀, tó ń mú awọ ara dúdú dán bí èyí tí wọ́n fi òrí pa. Ìṣísẹ̀ kan péré sí inú òjìji ni kó dúró. Bó bá wọlé jù, ìmọ́lẹ̀ á kú. Abẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ, ibẹ̀ sì máa ń tan ni jẹ. Ewé á sọ ìmọ́lẹ̀ di àwọ̀ ewé, ojú tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á wá dà bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ mú wọn wá sí etí òjìji igi náà, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí igi, kí wọ́n kọjú síta.

Kámẹ́rà kò mọ èèyàn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú àárín. Bí bàbá kan bá wọ agbádá funfun, tí agbádá sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á mú un wálẹ̀, ojú bàbá á sì dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní rí ilà ojú rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú wọn, kì í ṣe aṣọ, kí ẹ di ìka mú síbẹ̀ títí tí fóònù á fi tì í pa, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré yẹn sókè díẹ̀. Bí ìlà òwú bá ti ń parẹ́ lára agbádá, ẹ dá a padà díẹ̀. Ẹ má fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ láti sún mọ́ wọn. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi sún mọ́ wọn. Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù, torí ọwọ́ tó jẹ àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ló ti dì í mú láti àárọ̀. Epo tó wà lára rẹ̀ ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa fọ́n bí ìràwọ̀.

Nísinsìnyí, pupa. Ẹni tó bá rìn ní Bùnú láìgbọ́ nípa aṣọ ìpò kò tíì dé Bùnú. Aṣọ pupa híhun ni, ti ìsìnkú àwọn olóyè àti ẹni ńlá, egúngún náà a sì máa lò ó. Láyé àtijọ́, aṣọ pupa tó wá láti òkè òkun ni wọ́n máa ń tú fọ́nrán fọ́nrán kí wọ́n tó rí òwú tí wọ́n á fi hun ún. Kò sí aṣọ tó ṣòro yà tó o. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni kámẹ́rà ń pín ìmọ́lẹ̀ sí: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Nígbà tí aṣọ pupa bá wà nínú oòrùn, ọ̀nà pupa nìkan á kún àkúnwọ́sílẹ̀, nígbà tí méjì yòókù ṣì ṣófo. Kámẹ́rà á ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní ó dára. Ẹ dé ilé, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá rí i pé aṣọ náà ti di ọ̀dà pupa kan ṣoṣo: ọ̀nà òwú kò sí mọ́, iṣẹ́ ọnà tó gbéra lójú rẹ̀ kò sí mọ́. Kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe láti dá a padà.

Bí a ṣe ń yẹra fún un rèé. Ẹ fi àmì +/− kámẹ́rà mú ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ sí −0.7, tàbí −1 bí pupa bá gba fọ́tò kan. Ẹ jẹ́ kí histogram aláwọ̀ mẹ́ta, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó hàn, wà lójú kámẹ́rà, kí ẹ máa wo ìlà pupa nìkan: kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀tún. Ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún mọ́lẹ̀ tàbí tún ṣe, bí kámẹ́rà yín bá ní in. Ẹ má fi yíyan àwọ̀ sílẹ̀ fún kámẹ́rà fúnra rẹ̀, torí bó bá rí pupa tó pọ̀ báyìí, á fẹ́ tu ú lójú, á da búlúù sí i. Ẹ gbé e sí ti oòrùn, tàbí ti òjìji bí ẹ bá wà lábẹ́ òrùlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo fóònù kò ní histogram yìí, àmọ́ wọ́n ní ojú: ẹ ya ọ̀kan, ẹ fẹ̀ ẹ́ tóbi, ẹ wá ìlà òwú. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fa àmì oòrùn wálẹ̀, ẹ tún yà á. Bó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ibi tí òwú gbé sókè á ní òjìji tirẹ̀, aṣọ náà á wá dúró níwájú yín bí ohun tí èèyàn lè fọwọ́ pa. Fíláàṣì iwájú á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Aṣọ òkú àti ti ọlá sì ni, kì í ṣe aṣọ tí à ń tẹ́ sórí koríko nítorí fọ́tò. Ẹni tó ni ín ni kó gbé e jáde, òun náà ni kó sọ bó ṣe máa wà.

Láti Kábà gba Ìyàrá títí dé Ògìdì, àpáta ló yí ọ̀nà ká. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni àpáta ń sọ̀rọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dá a ní ìbú, tí ipa omi òjò tó ti ń ṣàn lójú rẹ̀ láti ayébáyé á hàn bí ilà ojú. Ẹ fi ènìyàn kan tàbí ilé kan sínú fọ́tò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ bó ti tóbi tó. Lẹ́yìn òjò, ó ń yọ̀ gan-an. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ògìdì ni ìlú Ìyá Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ. Ibùdó iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ wà níbẹ̀. Aṣọ híhun sì ni mo fẹ́ràn jù láti máa yà ní agbègbè yìí, torí ó ń kọ́ onífọ́tò ní sùúrù. Òfì àwọn obìnrin dúró ṣánṣán ni, ó sábà máa ń gbára lé ògiri, ahunṣọ jókòó síwájú rẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn wọn nìkan lẹ ó rí, òjìji tiyín á sì bo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọ́n á sì ní kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kí ojú kámẹ́rà bá ojú wọn dọ́gba, kí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú yàrá á ṣókùnkùn: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) 1600, f/2.8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) bí lẹ́ńsì bá gbà, 1/125 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí kámẹ́rà fi ń ṣí). Ìyẹn tó láti mú ìka tó ń ṣa òwú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi etí yà á. Wọ́n á ti òwú wọlé, wọ́n á gbé apasà, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lu òwú mọ́ra, wọ́n á lù ú: gbà, gbà, gbà. Ìdákẹ́jẹ́. Òwú tún wọlé. Ẹ kà á bí ẹni ń ka ìlù, nígbà tó bá fi di ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó ti mọ ibi tí apá máa ń dúró sí lókè kó tó já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ìka yín wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí apasà dúró gedegbe, 1/500. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó rọ̀ bí ẹ̀fúùfù nígbà tí ojú ahunṣọ dúró jẹ́ẹ́, 1/30, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ara yín, kí ẹ mí síta kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Márùn-ún nínú mẹ́wàá á bàjẹ́. Kò burú.

Ti egúngún kò gba àlàyé púpọ̀. 1/800 ó kéré tán nígbà tó bá ń yí, f/5.6, ISO kó máa wá ara rẹ̀ títí dé 3200. Lórí fóònù, ẹ pa HDR, torí ó máa ń da fọ́tò mẹ́ta pọ̀, egúngún á sì di alápá mẹ́fà. Ẹ dúró síbi tí atọ́kùn bá ní kí ẹ dúró. Bó bá ní èyí kò ṣeé yà, tàbí pé obìnrin kò gbọdọ̀ wo ó, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ ki fóònù bọ àpò, ẹ má dibọ́n pé ìpè lẹ̀ ń gbà.

Ní Lọ́kọ́ja, ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, Òkè Patti ni gbogbo ẹsẹ̀ ń rọ́ lọ. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó gòkè: ìlà-oòrùn ni odò wà sí yín. Láàárọ̀, ojú yín gan-an ni oòrùn wà, odò á dán bí fàdákà, ọkọ̀ ojú omi á dúdú lórí rẹ̀, ẹ kò sì ní rí àwọ̀ omi rárá. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọ̀ ń hàn, nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, tí ẹ lè tọ́ka sí ibi tí omi pupa Ọya ti ń bá omi ìkejì rẹ̀ rìn pọ̀ kó tó gbà á mọ́ra. Àmọ́ òjìji òkè náà á ti máa wọ́ bọ̀ lórí ìlú, torí náà ẹ ti wà lókè kó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀. September àti October ni odò ń kún jù. Ní 2012 àti 2022, ó wọ ilé àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ń gbé ibùsùn rẹ̀ jáde nínú omi kì í ṣe ìran. Ẹ ràn án lọ́wọ́ ná.

Ẹ ó gbọ́ lókè náà pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, obìnrin oníròyìn ará Bìrìtéènì, dúró sí, tó wo odò, tó sọ wá ní Nàìjíríà. Àmọ́ inú ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ orúkọ náà sí ní oṣù January 1897. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, 1 January 1900, ni Lugard gbé ìjọba Àríwá Nàìjíríà kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ohun tí ẹ bá kọ sábẹ́ fọ́tò ni àwọn ọmọ máa kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀.

Ọyẹ́ ń ba kámẹ́rà jẹ́ ju òjò lọ. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta láàárín December sí February. Bó bá di dandan, inú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé ni, kí ihò kámẹ́rà kọjú sílẹ̀. Bí eruku bá bà lé ojú lẹ́ńsì, ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ dànù kí aṣọ kankan tó kàn án, torí iyanrìn ni eruku náà, bí ẹ bá fi etí ẹ̀wù nù ún, á ha á. Ẹ má tan fíláàṣì nínú ọyẹ́: eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ á tàn bí yìnyín. Síbẹ̀ ọyẹ́ ní ẹwà tirẹ̀, òkè tó wà lẹ́yìn òkè á máa ṣá díẹ̀díẹ̀, oòrùn á rọ̀ bí ẹyin tí a fọ́ sínú àwo. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà jíjìn kedere, kó dúró de òjò àkọ́kọ́ nínú April, kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nípa ọ̀nà: ojúmọmọ ni kí ẹ máa rìn, kí ẹ jẹ́ kí olórí ìlú tàbí àwọn ọdẹ mọ̀ pé ẹ wà ládùúgbò, kí ẹ má sì ya ẹ̀ṣọ́, ibùdó àyẹ̀wò tàbí afárá. Dúróònù nílò àṣẹ ìjọba. Ẹ má gbé e sókè láìgbà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ya fọ́tò, kí oorun tó gbé yín lọ, ẹ da gbogbo rẹ̀ sí ibi méjì. Káàdì 64 GB lè gba nǹkan bí RAW 2,000 láti inú kámẹ́rà 24 MP, kò sì sí ìdí tí ẹ fi máa pa ohunkóhun rẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ ìyá bí wọ́n ṣe pè é fúnra wọn, agbo ilé, ìlú, ọjọ́, àti ohun tí ẹni ẹ̀yìn yẹn sọ tó fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kọ́kọ́ sá lórí èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó má baà fún un mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ni kí ìyá rí gbà: fọ́tò 4×6 méjì, èyí tí wọ́n jókòó fún àti èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ fi páálí gbá a ní iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ibẹ̀ ní gáréèjì. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi báírò tẹ̀ ẹ́ le, torí á yọ níwájú. Ẹ lo kálámù onínkì tó fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó to ọ̀kan lé èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ ìyá á tẹ̀ ní ìdàkejì sí orí gèlè tí wọ́n wá fún wákàtí kan.